Bí ẹ ṣe lè ṣètò ìrora iṣẹ́ abẹ ọmú sílẹ̀ kí ọjọ́ ẹ̀ tó pé

Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ọmú fún, owó àti ikú ló máa ń kó sí i lọ́kàn, ìrora kì í sábà sí nínú ìrònú ẹ̀ títí tó fi máa lajú ní wọ́ọ̀dù tí àyà á sì máa ta á. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti tíátà jáde ni mo ti ṣe iṣẹ́ jù, ohun tí mo rí ni pé àwọn tí ara máa ń tètè tù ni àwọn tó ti bi dókítà nípa ìrora kí wọ́n tó gun orí tábìlì. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí, láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú títí dé ìgbà tí ojú egbò ti jinná tí nǹkan ṣì ń dùn yín. Ẹ kà á fún màmá yín, ẹ kà á fún ẹ̀gbọ́n yín, bàbá àwọn ọmọ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ torí òun ni wọ́n máa rán lọ ra oògùn lóru.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ibi tí ọ̀bẹ máa dé

Ẹ má kàn gbọ́ pé "wọ́n fẹ́ yọ ọmú" kí ẹ sì gba ilé lọ. Ẹ bi dókítà bóyá kókó yẹn nìkan ni wọ́n fẹ́ yọ àbí gbogbo ọmú, ẹ bi í bóyá wọ́n máa wọ inú abíyá. Ìbéèrè abíyá yẹn ló ṣe pàtàkì jù tó bá di ọ̀rọ̀ ìrora, torí nerve kan wà tó gba inú abíyá kọjá, intercostobrachial ni wọ́n ń pè é, òun ló ń jẹ́ kí awọ inú apá lókè mọ̀ tí nǹkan bá kàn án, tí wọ́n bá wá ń kó àwọn lymph node abíyá, àwọn kókó wẹ́wẹ́ tí jẹjẹrẹ máa ń sá wọ̀, nerve yìí lè nà tàbí kó gé, nígbà míì kò sí bí dókítà ṣe fẹ́ ṣọ́ ọ tó tí kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì fi máa ní àyà òun ti san tán, inú apá ló kù tó ń da òun láàmú.

Ní Denmark, wọ́n béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó lé ní 3,000 tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú fún ní ọdún 2 sí 3 ṣáájú, èsì ẹ̀ jáde ní 2009: nínú 100, àwọn 47 ló ṣì ń ní ìrora. Ẹ má jáyà o, bí ìdajì nínú àwọn tó ń ní in ló sọ pé fẹ́ẹ́rẹ́ ni, àwọn tí tiwọn le gan-an ò ju bíi 13 lọ nínú 100 àwọn tó ń ní ìrora yẹn. Ó pọ̀ jù lára àwọn tí ò tíì pé 40 ọdún, àwọn tí wọ́n kó lymph node abíyá wọn, àti àwọn tó gba radiotherapy, ìyẹn ìtọ́jú onítànṣán. Àwọn ìwádìí míì fi kún un pé ẹni tó ti ń ní ìrora níbòmíì tẹ́lẹ̀, ẹni tí ẹ̀rù ń bà gidi, àti ẹni tí ìrora ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀ le jù, àwọn náà wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ orí yín, ẹ ò lè yí i padà, ṣùgbọ́n ìrora ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ọwọ́ ká a.

Nílé ìwòsàn tó bá ní irinṣẹ́ ẹ̀, tí kò bá sí àmì pé àrùn ti dé abíyá, wọ́n lè yọ lymph node kan tàbí díẹ̀ péré láti yẹ̀ ẹ́ wò dípò kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀, ẹ béèrè bóyá tiyín bá a mu. Tí dókítà bá ní àfi kí wọ́n kó o, ẹ jẹ́ kí wọ́n kó o jàre, jẹjẹrẹ la ń bá jà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ní kẹ́ ẹ rí ẹni tó máa fún yín loorun

Oníṣẹ́ abẹ ni gbogbo èèyàn mọ̀, ẹni tó máa kun yín loorun, ìyẹn anaesthetist, ó di àárọ̀ ọjọ́ náà kí wọ́n tó rí i, ìyẹn ò dáa. Ẹ ní kẹ́ ẹ rí i ṣáájú, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn yín dání sínú nylon, pẹ̀lú páálí ẹ̀, títí kan èyí tí ẹ rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì tí ẹ ò mọ orúkọ ẹ̀.

Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ásímà, ulcer, kíndìnrín, tí genotype yín bá jẹ́ SS, tí ẹ bá ń lo tramadol fún ìrora ẹ̀yìn tẹ́lẹ̀, tí ẹ bá bì títí lẹ́yìn oorun ìgbà kan rí, àní tí mọ́tò bá máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ bì, torí irú yín ló máa ń bì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dènà ẹ̀. Ẹ sọ ti àgbo náà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ máa ń fi í pamọ́ kí dókítà má baà bú wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú àgbo yẹn àti bó ṣe máa bá oògùn oorun jà, àwọn kápúsù áyù àti ti atalẹ̀ lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà ju bó ṣe yẹ lọ, ó dáa kí ẹ ti fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má dá a dúró fúnra yín o! Ẹ bi í èwo lẹ máa lò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn àti èwo lẹ máa fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ wá bi í báyìí: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, oògùn ìrora wo lẹ máa fún mi lórí tábìlì, èwo ni mo máa lò tí mo bá jí, èwo ni mo máa gbé lọlé?" Tó bá dáhùn, ẹ ní kó kọ èyí tẹ́ ẹ máa rà sórí list àwọn nǹkan tí wọ́n ní kẹ́ ẹ rà. Ìdí ni pé lọ́pọ̀ ọsibítù wa, gloves àti okùn ìránṣọ ara á pé sórí list yẹn, oògùn ìrora ni wọn á gbàgbé, á wá di aago méjì òru kí ẹnì kan tó máa wá fámásì tó ṣí kiri.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ: oúnjẹ gidi kó ti dáwọ́ dúró ní wákàtí 6 ṣáájú, omi lásán ní wákàtí 2 ṣáájú, àyàfi tí wọ́n bá sọ òmíràn fún yín. Ògì kì í ṣe omi. Tíì tí mílíìkì wà nínú ẹ̀ náà kì í ṣe omi. Kí ẹ sì yọ èékánná àfisí, ara ìka ni wọ́n máa fi ohun tó ń ka atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ yín sí.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ ohun tó wà nílẹ̀ tí ẹ lè yàn

Oorun gidi, èyí tí ẹ ò ní mọ nǹkan kan, òun ni wọ́n máa ń lò jù fún iṣẹ́ abẹ ọmú. Tí kókó kékeré ni wọ́n fẹ́ yọ, abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí ojú ibẹ̀ kú nìkan lè tó. Ẹ̀rù tó máa ń ba àwọn màmá ni pé àwọn ò ní jí, ẹni tó kun yín loorun kì í kúrò níbẹ̀ o, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó jókòó tì yín kó máa wo èémí, ọkàn àti ìfúnpá yín títí tí wọ́n fi máa parí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé oorun àti ìrora, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Oorun á tán, ìrora á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀. Torí náà wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ kan kún un tí wọ́n ń pè ní block, òun ló máa pa àwọn nerve àyà lẹ́nu mọ́ fún wákàtí díẹ̀. Oríṣìíríṣìí ló wà. Paravertebral, ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń gún un, òun ló ti pẹ́ jù nínú wọn fún iṣẹ́ abẹ ọmú, ẹni tó máa ṣe é gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa torí ẹ̀dọ̀fóró ò jìnnà síbẹ̀. Pecs ni èkejì, àárín àwọn iṣan àyà ni wọ́n ń da oògùn ẹ̀ sí, dókítà kan tó ń jẹ́ Rafael Blanco ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀ ní 2011, ó rọrùn ju ti ẹ̀yìn yẹn lọ, ó sì ti tàn káàkiri. Erector spinae náà wà, 2016 ló dé. Ultrasound ni wọ́n fi ń wo ibi tí abẹ́rẹ́ ń lọ, torí náà ẹ béèrè: "Ṣé ẹ máa ń ṣe block níbí? Ta ló máa ṣe é? Èló ni?"

Tí wọn ò bá ní, ayé ò parí. Ẹ ní kí oníṣẹ́ abẹ fi oògùn tó ń pa ara, bíi bupivacaine, sí ojú egbò kó tó rán an. Paracetamol, oògùn bí ibuprofen tàbí diclofenac fún ẹni tí inú ẹ̀ gbà á, àti dexamethasone ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lórí tábìlì, àwọn wọ̀nyí ò wọ́n, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ gidi, dexamethasone yẹn tún ń dín èébì kù, àmọ́ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kó mọ̀ pé ṣúgà òun lè fò sókè fún ọjọ́ kan.

Àwọn kan máa ń sọ pé block máa ń dènà kí jẹjẹrẹ padà wá. Ẹ má gbà á. Wọ́n dán an wò lára obìnrin tó lé ní 2,000 ní orílẹ̀-èdè oríṣìíríṣìí, èsì ẹ̀ jáde ní 2019, bákan náà ló rí, àwọn tó gba paravertebral àti àwọn tó gba oorun lásán, bíi 10 nínú 100 ni jẹjẹrẹ tiwọn padà wá nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Ìrora tó pẹ́ náà, bákan náà: 52 nínú 100 ló ń ní in ní oṣù 6, 28 nínú 100 ní ọdún kan. Àwọn ìwádìí kékeré míì ṣáà sọ pé block ń ran ìrora tó pẹ́ lọ́wọ́, torí náà èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ gbà á fún ọjọ́ àkọ́kọ́ tó máa tù yín lára àti torí pé ẹ ò ní nílò abẹ́rẹ́ líle púpọ̀, tó bá wá ran ọjọ́ iwájú lọ́wọ́, ẹ̀bùn ni. Kí ẹ sì tún wo òdìkejì nọ́ńbà yẹn, láàárín oṣù 6 sí ọdún kan, ìrora ti fi ọ̀pọ̀ wọn sílẹ̀.

Àwọn ọsibítù kéékèèké máa ń lo ketamine láti fi kun èèyàn loorun. Oògùn dáadáa ni, ó ń pa ìrora, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí èèyàn lá àlá tó ṣàjèjì tàbí kó máa sọ̀sọkúsọ nígbà tó bá ń jí. Ẹ ti sọ fún àwọn ará ilé sílẹ̀, kí wọ́n má lọ gbé wòlíì wá sí wọ́ọ̀dù pé ogun ayé ti wọlé.

Ìgbésẹ̀ 4: Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má sọ "a dúpẹ́"

Ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Nọ́ọ̀sì á dé, á ní "Màámi, báwo lara?" màmá á ní "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," nígbà tó jẹ́ pé ó ti di etí bẹ́ẹ̀dì mú, òógùn ń bọ̀ lójú ẹ̀. Nọ́ọ̀sì á kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ìrora, á sì kọjá sí bẹ́ẹ̀dì tó kàn. Ọmọlúàbí ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ni dókítà máa wò tó bá fẹ́ mọ oògùn tó máa kọ. Ẹ dúpẹ́ tán, kí ẹ wá sọ nọ́ńbà: tí 0 bá jẹ́ pé kò dùn rárá, tí 10 bá jẹ́ èyí tó burú jù tẹ́ ẹ lè rò, mélòó ni tiyín? Kí ẹ sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, àti ìgbà tẹ́ ẹ wúkọ́ tàbí tẹ́ ẹ gbé apá. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá ọkọ ló jókòó tì yín tó ń bá yín dáhùn pé "ó ti gbádùn", ẹ rọra dá a dúró, ẹ̀yin lẹ ni àyà yín.

Tí wọ́n bá ṣe block, ó sábà máa ń tán láàárín wákàtí 12 sí 24. Ẹ má dúró dìgbà tó máa tán. Ẹ ti máa lo oògùn oníhóró kí ara tó jí, torí ìrora tó bá ti gòkè tán, oògùn púpọ̀ ló máa gbà láti mú un wálẹ̀.

Fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ máa lo oògùn lórí aago, kì í ṣe ìgbà tó bá ń dùn nìkan. Paracetamol 1g, ìyẹn oníhóró 500mg méjì, ní wákàtí 6-6 fún àgbàlagbà tó sanra dáadáa, kò gbọ́dọ̀ ju 4g lọ lójúmọ́ (hóró 8), ẹni tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ tàbí tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ò dáa, dókítà máa dín in kù. Ẹ ka ara páálí oògùn ọ̀fìnkìn yín, paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ibuprofen tàbí diclofenac, ọ̀kan nínú wọn ni o, ẹ má pa méjèèjì pọ̀, kí ẹ jẹun sí i, ẹni tó ní ulcer, tí kíndìnrín ẹ̀ ò dáa, tàbí tí ásímà ẹ̀ máa ń dìde tó bá lò ó, kó má fọwọ́ kàn án. Oògùn "mixture" oníkẹ́míìsì tí wọ́n pín sínú nylon funfun láìní orúkọ, ẹ jọ̀ọ́, rárá.

Tí gbogbo ìyẹn ò bá tó, ìgbà yẹn ni àwọn oògùn ìrora tó le jù, bíi pentazocine, tramadol tàbí morphine, máa wọlé. Láti ìgbà tí ìjọba ti fòfin de kódíìnì olómi ní 2018 làwọn ẹbí ti ń bẹ̀rù gbogbo oògùn bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ó máa di bárakú. Ọjọ́ mélòó kan tí dókítà kọ ọ́ fún ìrora iṣẹ́ abẹ, ìyẹn yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń tà ní gáréèjì. Ohun tó máa ń yọni lẹ́nu níbẹ̀ ni èébì, òòyì àti ìgbẹ́ tó le, ẹ ní kí wọ́n kọ oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ti ní wárápá rí kó sọ ọ́ kí wọ́n tó fún un ní tramadol.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ má dè apá mọ́ra

Àwọn ìyá wa máa ń ní kí apá sinmi, kẹ́ ẹ má gbé e rárá. Èjìká tí wọn ò gbé máa gan, tó bá ti gan, ìrora tuntun nìyẹn. Láti ọjọ́ kejì ẹ máa ṣí ìka, ẹ máa pa á dé, ẹ tẹ ìgúnpá, ẹ nà án, ẹ fọ eyín, ẹ ya irun yín fúnra yín. Ní bí ọ̀sẹ̀ kan àkọ́kọ́ ẹ má gbé apá kọjá èjìká, lẹ́yìn ìyẹn, tí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, ẹ dúró kọjú sí ògiri kí ẹ máa fi ìka rìn gòkè díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ lè fi ẹfun sàmì síbi tẹ́ ẹ dé. Kó máa fa yín díẹ̀, kó má ta yín. Odó, kẹ́ẹ̀gì omi àti ọmọ tó wúwo, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹlòmíì ná.

Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan bí okùn tó nà láti abíyá lọ sí ìgúnpá, tó ń fà yín tẹ́ ẹ bá na apá, kì í ṣe àrùn tuntun, ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ abíyá, fisiotẹ́rápíìsì mọ bí wọ́n ṣe ń tú u.

Ìgbésẹ̀ 6: Tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ tó ṣì ń dùn

Ní báyìí ẹ sọ bó ṣe ń ṣe yín gan-an, torí irú ìrora ló ń sọ irú oògùn. Tó bá ń jó, tó ń ta bí iná mànàmáná, tó ń rìn bí èèrà, tí aṣọ lásán bá kàn án tó ń dùn, tí ibẹ̀ kú ṣùgbọ́n tó tún ń dùn, nerve ni. Paracetamol ò ní ràn án, kẹ́ ẹ yéé da hóró lé hóró. Tó bá ń ro yín ní èjìká tàbí ọrùn, iṣan ẹran ara ló gan. Tó bá jẹ́ oríkèé ara kiri, orúnkún, ìka, tẹ́ ẹ sì ń lo letrozole tàbí anastrozole, oògùn oníhóró tí wọ́n fi ń dènà kí jẹjẹrẹ ọmú padà wá, oògùn yẹn ló sábà ń fà á, ẹ má dá a dúró, ẹ lọ sọ ọ́. Àwọn kan sì máa ń ní ìrora tàbí yíyún nínú ọmú tí wọ́n ti gé kúrò, orí wọn ò dàrú, ọpọlọ ló ṣì ń retí iṣẹ́ láti ibẹ̀.

Fún ti nerve, dókítà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú amitriptyline kékeré lálẹ́, 10mg tàbí 25mg, tàbí gabapentin, tàbí pregabalin. Tẹ́ ẹ bá rí i nínú ìwé pé oògùn ìdààmú ọkàn ni amitriptyline, kò túmọ̀ sí pé wọ́n ní orí yín ò pé, nerve náà ni wọ́n ń fi í bá wí. Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ń mú oorun wá, ó ń mú ẹnu gbẹ, ẹ má wa mọ́tò títí tẹ́ ẹ fi mọ bó ṣe ń ṣe yín, ẹ má sì já gabapentin lójijì.

Àwọn tó ń lo tamoxifen, tí òun náà ń dènà kí jẹjẹrẹ ọmú padà wá, ẹ tẹ́tí o. Fluoxetine àti paroxetine, àwọn oògùn ìdààmú ọkàn, lè má jẹ́ kí tamoxifen ṣiṣẹ́ nínú ara bó ṣe yẹ, duloxetine náà lè dín in kù, torí náà dókítàkídókítà tó bá fẹ́ kọ oògùn ìrora nerve tàbí ti ìdààmú ọkàn fún yín, gbólóhùn àkọ́kọ́ ni "tamoxifen ni mò ń lò o".

Ìpara capsaicin náà wà, láti ara ata ni wọ́n ti yọ ọ́, ó ń jẹ́ kí nerve dákẹ́ tí wọ́n bá ń lò ó déédéé. Kì í ṣe kẹ́ ẹ lọ gún rodo kẹ́ ẹ fi pa àyà! Omi gbígbóná náà ńkọ́, ẹ ṣọ́ra, ara tó kú kì í mọ̀ pé ó ń jóná, mo ti rí àyà tó bó nítorí ike omi gbígbóná. Robb àti Aboniki, kò gbọ́dọ̀ kan ojú egbò tí ò tíì jinná.

Ohun tí ò náwó rárá ni kẹ́ ẹ máa kọ́ awọ ibẹ̀ láti gba ìfọwọ́kàn: ẹ fi òwú rọra pa á fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tó bá ti gbà á, ẹ fi àǹkárá, lẹ́yìn ìyẹn tówẹ̀lì. Tí gbogbo ẹ̀ ò bá rọlẹ̀, ẹ béèrè fún klíníìkì ìrora, irú UCH Ibadan ní ẹ̀ka tó ń rí sí ìtọ́jú ìrora àwọn tó ní jẹjẹrẹ, kì í ṣe àwọn tó ń kú lọ nìkan ni wọ́n ń gbà o, bí àwọn èèyàn ṣe ń rò.

Ìgbésẹ̀ 7: Èyí tí ò gbọ́dọ̀ dúró

Ibà, egbò tó pọ́n tó ń gbóná tó ń ṣọyún, àyà tó wú lójijì, apá tó ń wú sí i, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Ìrora tuntun lẹ́yìn tí ti tẹ́lẹ̀ ti lọ, pàápàá nínú egungun, tó ń burú sí i lóru, tàbí kókó tuntun lójú àpá, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé nerve ni láì ya àwòrán ẹ̀. Ẹsẹ̀ kan tó wú tó ń dùn, tàbí èémí tó ń ṣe kíkékíké, ẹ̀jẹ̀ dídì lè ti wà níbẹ̀, emergency tààrà, kódà kó jẹ́ òru, ẹ má dúró de ọjọ́ klíníìkì.